Gáréèjì Tí Mo Wọ Aṣọ Fún

Kí n tó sọ nǹkan kan, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí ná: gáréèjì náà kò tutù mọ́. Ẹni tó bá sọ fún yín pé mo ju ìyá mi sínú ilé mọ́tò kí òtútù Jos lè pa wọ́n, ẹ ní kí ó wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Tina Junction, kí ó tún un sọ lójú mi. Ata gbígbẹ ni mò ń tà. N óò bù díẹ̀ sí i lẹ́nu, kí ẹnu náà lè ríṣẹ́ ṣe.

Laranto ni ilé wa wà, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí bàbá mi kọ́ nígbà tí ọjà aṣọ ń lọ dáadáa. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n, òwò ló gbé wọn dé Jos. Ìwà kan wà lára àwọn ará ìlú wa tó ń ṣòwò níbí: ohun tó bá dára, ilé ni wọ́n ń kó o lọ. Ilé, ìyẹn Ògbómọ̀ṣọ́. Jos, ìdálẹ̀ lásán ni. Bí ẹnì kan bá tọ́jú ilé rẹ̀ ní Jos jù, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó bí ẹni tó fẹ́ sọnù. Nítorí náà, táìlì tó ń dán, sìlíìnì aláràbarà, ilẹ̀kùn tí wọ́n fi fáníìṣì kùn, gbogbo rẹ̀ ni bàbá mi dì sínú lọ́rí lọ sí ilé tí a máa ń sùn sí nígbà ọdún Kérésì nìkan. Ilé Jos tí wọ́n bí wa sí, tí a dàgbà sí, àtẹ̀gùn rẹ̀ kò rí sìmẹ́ǹtì tó dán rí. Gáréèjì ẹ̀gbẹ́ ilé ni kò tilẹ̀ ṣeé sọ: búlọ́ọ̀kù ìhòòhò, páànù lórí, géètì onírin tí afẹ́fẹ́ ń súfèé lábẹ́ rẹ̀. Láti ìgbà tí bàbá mi àti mọ́tò wọn ti kú, eku nìkan ló ń gbé ibẹ̀.

Ẹni tí kò gbé Jos rí lè máa rò pé Nàìjíríà kò mọ òtútù. Ẹ wá wò ó nígbà ọyẹ́. Omi inú bọ́kẹ́ẹ̀tì á máa gé ọwọ́, ètè á là, ògiri á mu òtútù láti òru, á sì máa tú u sí yín lára títí di ọ̀sán. Iná ìjọba kò ṣeé gbọ́kàn lé débi tí ènìyàn á ra ẹ̀rọ tó ń mú yàrá gbóná. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa gbé ìkòkò èédú wọ yàrá, ṣùgbọ́n a mọ àwọn tí èéfín èédú pa sórí ibùsùn ní àdúgbò wa, mi ò sì jẹ́ gbé e sún mọ́ ìyá mi láéláé.

Yàrá ìyá mi wà lókè, orúnkún wọn sì ti kọ iṣẹ́. Nígbà kan, wọ́n ń fi ìdí sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn bí ọmọ tó ń kọ́ ìrìn. Nígbà tó yá, wọ́n ṣubú, wọn kò sì sọ̀ kalẹ̀ mọ́. Ìyá Hausa kan wà ní òdìkejì títì, ọ̀rẹ́ wọn ni láti ìgbà tí àwọn méjèèjì ti jẹ́ ìyàwó tuntun. Láràárọ̀ ni wọ́n máa ń jókòó pọ̀, wọ́n á pa ẹ̀pà, wọ́n á fi èdè Hausa bú àwọn ọmọ wọn, wọ́n á rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn tí orúnkún kọ̀, ìyá mi á dúró lójú fèrèsé lókè, ọ̀rẹ́ wọn á dúró nísàlẹ̀, wọ́n á máa pariwo sí ara wọn títí ohùn á fi há. Ó dùn mí wọra. Mo máa ń wò wọ́n láti ẹnu ọ̀nà, n óò sì yára wọlé kí wọ́n má baà rí ojú mi.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, Dáódù ilé wa, ti fẹ̀yìntì, ó ti padà sí Ògbómọ̀ṣọ́, ó ń gbé inú ilé táìlì yẹn. Ẹ má bínú pé mo ń pè é ní "ó". Lójú rẹ̀, mo ń bọ̀wọ̀ fún un, mo sì ń kúnlẹ̀ kí i. Ṣùgbọ́n inú ṣì ń bí mi díẹ̀. Ó pè mí lórí fóònù ní ìparí òjò, ó ní, "Ọyẹ́ ń bọ̀. Mò ń bọ̀ wá gbé Màmá wálé." Bí ẹni tó fẹ́ wá gbé àpótí! Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá, ta ni wọ́n mọ̀ níbẹ̀?" Ó ní kí ni mò ń wí, ṣé ènìyàn tún máa ń wá ojúlùmọ̀ nílé ọkọ ara rẹ̀ ni?

Ta ni wọ́n mọ̀ níbẹ̀ ní tòótọ́? Àwọn ẹgbẹ́ wọn ti kú tán. Ìyá àgbàlagbà kan wà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa tí àwọn ọmọ wọn gbé lọ sí Ọ̀yọ́ báyìí náà, pé kí wọ́n lọ sinmi. Wọ́n gbé wọn jókòó sí pálọ̀ ńlá. Wọn kò rí ẹni bá sọ̀rọ̀, oúnjẹ kò lọ lọ́fun wọn mọ́, kò sì pẹ́ tí ìròyìn fi dé pé ìyá ti lọ. Òtútù kọ́ ló pa ìyá yẹn. Ohun tí mò ń bẹ̀rù nìyẹn, mo sì là á mọ́lẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi. Mo ní, "Tí ẹ bá gbé Màmá kúrò ní Jos, ẹ ti sin wọ́n láàyè."

Ó ní kí ni mo wá fẹ́ ṣe sí ọ̀rọ̀ àtẹ̀gùn. Mo ní n óò sọ gáréèjì di yàrá fún wọn. Ó rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín, mo gbọ́ tó ń pe ìyàwó rẹ̀ kí ó wá bá òun gbọ́. Ó ní, "Gáréèjì? O fẹ́ lọ máa lẹ pákó mọ́ ògiri ní ìdálẹ̀? Nínú ìlú tí a ti di ẹrù sẹ́nu ọ̀nà nítorí wàhálà ẹ̀sìn?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní nígbà wàhálà yẹn, inú gáréèjì náà la sá sí, ìyá Hausa yẹn sì wà láàrin wa níbẹ̀, kò sí ẹni tó rántí pé ìdálẹ̀ ni. Ó wá ní, "Ó dáa. Máa ṣe é. Ṣùgbọ́n tí mo bá gbọ́ pé wọ́n wúkọ́ nínú ọyẹ́ yìí, mi ò ní bá ẹ jiyàn mọ́, mo ti wà lọ́nà nìyẹn." Mo ní mo gbà.

Mo lọ sí Kátákò, ibi tí wọ́n ti ń ta pákó, mo sì mú káfíńtà kan níbẹ̀, ọmọ Berom, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Èdè Hausa la fi ń bá ara wa jà. Nígbà tí mo ṣàlàyé fún un pé kí ó kan ògiri kejì sí inú ògiri àkọ́kọ́, kí a fi nǹkan sáàrin kí òtútù má ráyè kọjá, ó ní, "Kai, Mama! Ògiri máa ń wọ aṣọ ni?" Mo ní èyí máa wọ̀ ọ́. Kò ṣe irú rẹ̀ rí. Èmi náà kò rí i rí, àfi lórí fóònù. Ṣùgbọ́n a jiyàn lórí rẹ̀ débi pé nígbà tí a fi máa dé Laranto, ó ti ń ṣe bí ẹni pé òun ló ronú kàn án.

A yọ géètì onírin, a fi búlọ́ọ̀kù dí ojú rẹ̀, a fi ilẹ̀kùn onípákó àti fèrèsé kan sí i. A fi sìmẹ́ǹtì dí gbogbo ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Káfíńtà wá kan pákó tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ara búlọ́ọ̀kù ní òòró, ó fi àlàfo sílẹ̀ láàrin wọn. Àlàfo yẹn gan-an ni iṣẹ́ wà. Kí la máa fi kún un? Ó ní koríko gbígbẹ. Mo ní ṣé kí eku lè máa kí wa kú iṣẹ́ ni? Ó ní kí n sọ tèmi. Mo ní àpò. Ta ló tún ní àpò bí èmi? Àwọn àpò nípọnnípọn tí wọ́n fi ń kó ata wá láti oko, wọ́n kún ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù mi. Mo gbọ̀n wọ́n nínú oòrùn, mo ká wọn, a tò wọ́n sínú àlàfo láti ìsàlẹ̀ dé òkè, a ṣe lábẹ́ páànù náà bẹ́ẹ̀. A wá fi púláìwúùdù bo gbogbo rẹ̀, pákó fẹ́lẹ́ tó dán, mo sì fi ọ̀dà aláwọ̀ ẹyin kùn ún. Mo wò ó títí. Nínú ilé tí wọ́n bí mi sí, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ohun tó dára máa dúró sí Jos.

Káfíńtà àti èmi fi àga gbé ìyá mi sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n fọwọ́ pa ògiri, wọ́n gbá a pẹ̀lú ọwọ́, wọ́n fi èdè Hausa kí i, wọ́n ní, "Sannu, ògiri." Ọ̀rẹ́ wọn ti gbé agbọ̀n ẹ̀pà dé kí a tó tẹ́ ibùsùn tán. Àwọn méjèèjì jókòó, ilẹ̀kùn wà ní títì, kò sí afẹ́fẹ́ kankan, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í bú wa. Inú mi dùn dénú egungun.

Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ ni ikọ́ bẹ̀rẹ̀.

Ó kọ́kọ́ jẹ́ sísín. Ìyá mi á sín, ọ̀rẹ́ wọn á sín, wọ́n á fi rẹ́rìn-ín. Ó wá di ikọ́. Ọ̀sán ló máa ń burú jù, nígbà tí oòrùn bá wà lójú ọ̀run, èyí tí kò yé mi rárá. Èmi á wọlé, n óò jókòó, n óò fà á símú, mi ò ní gbọ́ òórùn kankan. Mo ra oògùn ikọ́, mo po oyin. Àwọn oníbàárà mi ní kí n jẹ́ kí Dáódù máa gbé ìyá rẹ̀ lọ, pé Jos kì í ṣe fún arúgbó. Mo ní arúgbó wo? Jos yìí ni wọ́n ti gbó! Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ti ń bà mí. Ẹ̀gbọ́n mi pè láti kí wọn, ìyá mi gba fóònù, kí wọ́n tó sọ pé "Pẹ̀lẹ́," ikọ́ gbé wọn, wọ́n wú u sí i létí. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ibi tí mo dúró sí. Ó ní, "Ó tán. Sátidé." Ó sì gbé e sílẹ̀.

Káfíńtà ló tú àṣírí. Ilẹ̀kùn ń há, ó wá fá a. Kò pẹ́ tó wọlé tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í sín, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, ó ń fi apá aṣọ nu imú. Ó gbé imú lé ojú oríkèé pákó lára ògiri, ó fò sẹ́yìn bí ẹni tí nǹkan ta. "Mama! Barkono!" Ata. Ata ni! Nígbà tí oòrùn bá mú ògiri gbóná, eruku ata inú àpò á máa yọ jáde díẹ̀díẹ̀ láti gbogbo oríkèé. Èmi ti ń ta ata láti ìgbà ọ̀dọ́ mi, imú mi ti kọ̀ láti gbọ́ ọ, oúnjẹ tí ata kò pọ̀ nínú rẹ̀ kò tilẹ̀ lórúkọ lẹ́nu mi. Bí mo ṣe kó ata yí ìyá mi ká nìyẹn, tí mo fi púláìwúùdù dé e mọ́ wọn.

Káfíńtà rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Mo ní kó dìde. Mo ní tó bá ti rẹ́rìn-ín tán, kó gbé ohun èlò rẹ̀, a ó tú gbogbo rẹ̀. Ó ní, "Haba, Mama, Sátidé mà ti dé tán." Mo ní ìyẹn ni mo ṣe ní kó dìde. Ó ní kí n gbà pé ó ti bàjẹ́, kí n jẹ́ kí ìyá mi máa lọ, kí a wá tún un ṣe lẹ́yìn ọyẹ́. Mo fàáké kọ́rí. Ṣé kí ìyá mi lọ kú sí pálọ̀ nítorí àpò ata?

A gbé ìyá mi sọdá títì lọ sùn lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ wọn, inú wọn sì dùn bí ọmọ tó rí ìsinmi gbà. Èmi àti káfíńtà wá tú púláìwúùdù lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo kó gbogbo àpò síta. Mo fi ọṣẹ àti omi fọ búlọ́ọ̀kù àti pákó, ọwọ́ mi kú tipiri nínú omi tútù yẹn, ọyẹ́ fúnra rẹ̀ ló sì bá mi fẹ́ ẹ gbẹ. Mo lọ bá àwọn tó ń ṣe àga ìjókòó, mo kó àjákù fóòmù wọn, èyí tó nípọn, a gé e kó ṣe déédéé pẹ̀lú àlàfo, a tì í wọlé tipátipá, kò sì mì. A kan púláìwúùdù padà. A fi pọ́tì dí gbogbo oríkèé rẹ̀, a sì fi ihò kékeré kan sílẹ̀ lókè kí afẹ́fẹ́ tó mọ́ lè máa wọlé. Mo fi òòlù gbá àtàǹpàkò ara mi, mo pariwo, n kò dúró. Nígbà tí a ṣe tán, mo ní kí káfíńtà jókòó sínú ilé ní ọ̀sán gangan kó máa fà á símú. Kò sín. Mo ní kó bá mi gbé ìyá mi padà wá, kó sì máa lọ, Ọlọ́run á bù kún un.

Ẹ̀gbọ́n mi dé ní Sátidé lóòótọ́. Súwẹ́tà méjì ló wọ̀ léra, ó fi fìlà onírun bo etí, ètè rẹ̀ ti là. Ó ti gbàgbé òtútù ibi tí wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà. Ìyá mi kò wúkọ́ rárá. Mo sọ ìtàn ata fún un, ó ní irọ́ ni mò ń pa, pé mo ti fún wọn ní oògùn kí òun tó dé. Inú bí mi débi pé mi ò mọ ìgbà tí mo ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ sùn síbẹ̀ fúnra yín nígbà náà!" Ó ní òun á sùn síbẹ̀. Ó ní tí òtútù bá fọwọ́ kan òun díẹ̀ báyìí, kí n tètè di ẹrù ìyá òun. A tẹ́ mátíráàsì fún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn wọn, mo sì gòkè lọ.

Ẹ gbọ́ ná. Ẹ̀gbọ́n mi yìí, òun ló máa ń jí gbogbo ilé fún àdúrà òwúrọ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, kò yẹ̀ ẹ́ rí. Ilẹ̀ mọ́, n kò gbọ́ agogo. Oòrùn yọ, n kò gbọ́ orin, mo bá sọ̀ kalẹ̀. Ìyá Hausa ti sọdá, wọ́n gbé kùnú dání, wọ́n ń kan ilẹ̀kùn. Ìyá mi ló ṣí i. Ẹ̀gbọ́n mi wá dìde lẹ́yìn wọn, síńgílẹ́ẹ̀tì nìkan ló wọ̀, òógùn wà níwájú orí rẹ̀, ó ń nu ojú bí ọmọdé. Súwẹ́tà méjèèjì wà nílẹ̀ níbi tó bọ́ wọn jù sí. Mo kúnlẹ̀ dáadáa níwájú rẹ̀, mo ní, "Ẹ kú oorun o, Bọ̀ọ̀dá."

Kò rẹ́rìn-ín. Ó wọ aṣọ, ó gbé báàgì ìyá mi láti abẹ́ ibùsùn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó aṣọ wọn sínú rẹ̀. Mo ní kí ló dé? Ṣé òtútù mú yín ni? Ó yí padà sí mi. Ó ní, "Kì í ṣe ọ̀rọ̀ òtútù! Ilé ńlá tí Bàbá kọ́ ṣófo, èmi àti ìyàwó mi nìkan la wà nínú rẹ̀. Gbogbo ayé ń bi mí pé Màmá ńkọ́. Kí ni kí n sọ? Pé ìyá mi ń gbé nínú gáréèjì?"

Ó tán! Ọ̀rọ̀ wá jáde. Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá, nítorí ẹnu àwọn aráyé ni ẹ ṣe fẹ́ gbé ìyá wa lọ síbi tí wọn kò ti ní ẹnì kan bá sọ̀rọ̀? Àwọn tó ń bi yín, ṣé wọn á wá bá wọn jókòó? Ṣé wọn á wá bá wọn pa ẹ̀pà? Inú gáréèjì yìí ni ẹ ti sùn gbàgbé àdúrà! Ẹ tilẹ̀ bi wọ́n léèrè rí? Bàbá kò bi wọ́n kí wọ́n tó kó wọn wá síbí, ẹ̀yin náà kò bi wọ́n kí ẹ tó wá kó wọn lọ."

Ìyá mi gbé ife kùnú kúrò lẹ́nu. Wọ́n ní, "Ìwọ náà kò bi mí."

Òótọ́ ni. Mo kan ògiri, mo tú u, mo tún un kàn, mo bá gbogbo Jos jà lórí ọ̀rọ̀ wọn, mi ò bi wọ́n ní ìbéèrè kan ṣoṣo. Ìyá Hausa kò gbọ́ Yorùbá púpọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n wo ojú wa lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì rọra gbé ife tiwọn sílẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, báàgì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ilẹ̀kùn ṣí gbayawu lẹ́yìn rẹ̀, ọyẹ́ ń gbé eruku wọlé. Ó wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, àgbà ọkùnrin tó ní irun funfun lórí. Ó ní, "Ẹ má bínú. Màmá, níbo lẹ̀yin fúnra yín fẹ́ máa gbé?"

Ìyá mi wò ó láti òkè dé ilẹ̀. Wọ́n fa aṣọ bo èjìká.

Wọ́n ní, "Dáódù, wọlé tàbí kó o máa lọ. Èyí tó bá wù ọ́ ni kó o ṣe, ṣùgbọ́n ti ilẹ̀kùn mi. Ò ń kó òtútù wọlé."